Òrùlé Ìgbòho, Kòtò Síákà

Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ ọmọ Ìgbòho ní Abidjan ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ń kó ìtàn iṣẹ́ àwọn àgbà jọ fún àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba bac, ìwé ẹ̀rí ìparí girama, tí wọn ò tíì mọ ibi tí wọ́n máa forí lé. Wọ́n ti gba ti télọ̀ kan, wọ́n ti gba ti awakọ̀ kan, wọ́n ti gba ti ìyá kan tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ta aṣọ. Ó wá ku ti ẹni tó wa wúrà. Akọ̀wé wọn, ọmọbìnrin tó gbọ́ Yorùbá yékéyéké ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé Faransé ló fi ń dáni lóhùn, sọ fún mi pé, "Tonton, ẹ jọ̀ọ́, kó má gùn jù." Mo ní mo ti gbọ́. Ẹ máa rí i níwájú pé mi ò gbọ́.

Ràsákì ni orúkọ mi. Ní Riviera, àdúgbò tí mò ń gbé ní Abidjan, Alhájì Wúrà ni wọ́n ń pè mí, orúkọ tí mi ò sọ ara mi, tí mi ò sì lè gbà kúrò lẹ́nu wọn. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Mo wa wúrà, mo fọ wúrà, mo rà á, mo tà á, títí orúnkún mi fi kọ̀ jálẹ̀. Láti ìgbà náà, fífúnni ni iṣẹ́ mi. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti mu omi nínú ọ̀kan nínú àwọn kànga tí mo gbẹ́, tàbí kí ẹ ní ẹ̀gbọ́n tó kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí mo kọ́ sí Bingerville. Tó bá jẹ́ bí mo ṣe dolówó lẹ fẹ́ gbọ́, apá yẹn ò gùn, mo máa sáré kọjá níbẹ̀. Nǹkan mìíràn ló wà lọ́kàn mi.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tí Bàbá Ìsẹ́yìn mú mi wá sí Abidjan. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni, orúkọ ìlú rẹ̀ ni gbogbo èèyàn fi ń pè é. Bàsíà àti korobá ló ń tà ní Abobo Gare. Ó gbọ́ pé àwọn tó ń wa wúrà ní ìhà àríwá ń wá bàsíà lójú méjèèjì, ló bá di ẹrù fún mi, ó fi mí sínú ọkọ̀. Láàárín ọjọ́ méjì mo ti tà á tán. Ó yẹ kí n padà lọ́jọ́ kẹta. Mo ní kí n kàn wo ohun tí wọ́n ń fi bàsíà ṣe ná. Mo lọ jókòó ti obìnrin kan létí odò. Ó bu yẹ̀pẹ̀ pupa, ó bu omi lé e, ó ń mì ín, ó ń yí i, yẹ̀pẹ̀ ń bá omi lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, ó dojú bàsíà kọ oòrùn, ó ní kí n wò ó. Ohun tó kù nísàlẹ̀ ò tó ohun tí èèrà máa gbé, ṣùgbọ́n mi ò lè gbójú kúrò lára rẹ̀. Mo fi owó Bàbá Ìsẹ́yìn rán awakọ̀ kan sí i, mo ní kó bá mi bẹ̀ ẹ́.

Ọdún kan gbáko ni bàbá náà fi bínú. Lójú àwọn ará wa nígbà náà, ọmọ Yorùbá tó bá dé ilẹ̀ yìí, ọjà ló ń tà. Ẹni tí kò bá rí ìsọ̀ gbà ni wọ́n gbà pé ó lè lọ máa gbẹ́ ilẹ̀ kiri. Ó ránṣẹ́ sí mi pé, "Ẹ sọ fún Ràsákì pé kì í ṣe kòtò ni mo bá bàbá rẹ̀ sọ." Mo gbọ́ iṣẹ́ náà, mo rẹ́rìn-ín, mo sì padà sídìí ohun tí mò ń ṣe.

Ọ̀gá tó gbà mí ni Bàbá Làmíìnì. Ọmọ ẹ̀yà Júlà ní ìhà àríwá ni, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí pákò kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, ẹni tó ní kòtò méjì létí odò yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń ka èyí, tí ẹ rò pé olùkọ́ yín le, ẹ jẹ́ kí n sọ ti bàbá yìí fún yín. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, omi ni mo pọn. Mi ò fọwọ́ kan yẹ̀pẹ̀. Lóṣù kẹrin, ó pè mí, ó mú wóró wúrà mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò tó wóró ọkà bàbà, ó jù wọ́n sínú igbá tó kún fún yanrìn, ó fọwọ́ pò ó. Ó ní kí n fọ̀ ọ́, kí n kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún òun. Bàsíà ńlá kan wà nísàlẹ̀ tó ń gba ohun tó bá dà nù. Tí mo bá ti mú méjì wá, tàbí ọ̀kan, tàbí tí mi ò mú nǹkan kan wá, òun fúnra rẹ̀ á fọ ti inú bàsíà, á sì yọ èyí tí mo sọ nù kí n tó sọ pé mo fẹ́ mu omi. Kò nà mí rí, kò sì bú mi. Á kàn da gbogbo rẹ̀ pọ̀ padà, á ní, "Tún un ṣe."

Síákà, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọ̀sẹ̀ kan náà la jọ bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ méjìlá ló fi mọ̀ ọ́n. Èmi, láti ìgbà ìkórè títí òjò fi padà bẹ̀rẹ̀ ni. Inú máa ń bí mi tí mo bá rí i tó ń jókòó sábẹ́ igi, tó ti jẹun tán, tí èmi ṣì ń mi igbá. Òun ló wá bá mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó sọ̀rọ̀ sí mi létí kí àbúrò ìyá rẹ̀ má baà gbọ́. Ó ní, "Ìwọ, wúrà lò ń wò. Má wo wúrà mọ́. Omi tó ń jáde ni kí o máa wò." Lọ́jọ́ kejì mo kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde. Bàbá Làmíìnì wò wọ́n, ó wo Síákà, ó ní, "Ta ló sọ fún un?" Ó fún àwa méjèèjì ní omi pọn fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá kọ́ wa ní ojú ilẹ̀. Ó kọ́ wa pé kí a máa bu yẹ̀pẹ̀ ara òkìtì ọ̀gán, kí a fọ̀ ọ́, torí pé ikán máa ń gbẹ́ jìn jù wá lọ, ohun tó bá rí nísàlẹ̀ á gbé e wá sókè lófẹ̀ẹ́. Ó kọ́ wa bí òkúta funfun tó ní wúrà ṣe ń pọ́n bí irin tó dógùn-ún. Ó kọ́ wa pé a kì í wa ilẹ̀ lọ́jọ́ Ajé níbẹ̀, àti pé ẹni tó bá kú sínú kòtò, a máa gbé e jáde, a ó di kòtò náà, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ padà síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n nǹkan tí kò fi ṣeré rárá ni igi. Kòtò tó bá ti bo orí ẹni méjì tó dúró léjìká ara wọn, òfin rẹ̀ ni pé igi ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ ibẹ̀ kí èèyàn tó tún wọ̀ ọ́. A ó to igi mọ́ ògiri, a ó fi òmíràn dábùú rẹ̀ kí ilẹ̀ má baà rún sínú. Bàbá Làmíìnì á fi èékù díígà gbá a níkọ̀ọ̀kan, á tẹ́tí sí i. Ìgbà kan wà tó gbọ́ ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn lára igi kan ṣoṣo, ó ní kí a tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ láti òkè délẹ̀, kí a tún un tò. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ṣe é, wúrà sì wà nísàlẹ̀ tó ń wò wá. Mo kùn sí Síákà létí pé, "Bàbá yìí fẹ́ràn igi ju wúrà lọ." Síákà ní, "Ó ti sin ọmọ bíbí inú rẹ̀ rí, Ràsákì. Inú kòtò ló ti gbé e jáde." Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo gbé igi tó kàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Síákà jẹ́ dáadáa, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ojo kọ́ o, ó lágbára jù mí lọ, ó sì mọ iṣẹ́ jù mí lọ. Ṣùgbọ́n ó máa ń bẹ̀rù, kì í sì í fi pa mọ́. Kó tó wọ kòtò láàárọ̀, á ju òkúta sínú rẹ̀, á tẹ́tí, á na ọwọ́ sí ògiri, á gbọ́ bóyá ó tutù ju ti àná lọ. Èmi a máa pè é ní ọ̀gá ẹ̀rù. Á rẹ́rìn-ín, á tún ju òkúta kejì.

Nígbà tí Bàbá Ìsẹ́yìn dárí jì mí, mo mú Síákà dání lọ kí i ní Abobo. Ibẹ̀ ló ti rí Màríámù, ọmọ bàbá náà obìnrin, ìyẹn tó bí sí Abidjan. Láti ọjọ́ náà ni kò ti jẹ́ kí n sinmi. Ọdún kan ló fi kọ́ Yorùbá, ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń kọrin Júlà, ṣùgbọ́n ó ń sọ ọ́. Nígbà tí a lọ tọrọ ọmọ, Bàbá Ìsẹ́yìn wò mí títí, ó ní, "Ràsákì, mo fi bàsíà rán ọ níṣẹ́, o mú àna awakòtò bọ̀ fún mi." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣe yìgì, Màríámù bá ọkọ rẹ̀ lọ sí abúlé wa létí odò, wọ́n sì bí Áwà.

Lọ́dún kẹfà, Bàbá Làmíìnì yọ̀ǹda wa. Ó fún èmi àti Síákà ní ilẹ̀ kan pé kí a máa wà á fúnra wa. Òkìtì ọ̀gán tó wà níbẹ̀ la fọ̀, la fi mọ ibi tí a máa gbẹ́. Nígbà tí a wà á jìn díẹ̀, a bá òkúta funfun náà, ó nípọn tó àtẹ́lẹwọ́, ó sì ń lọ sísàlẹ̀. Ilẹ̀ ti fẹ́ bo orí ẹni méjì. A dá owó jọ láti ra igi, ọwọ́ mi ni owó náà sì wà, torí èmi ni mo mọ ọjà í ná.

Ìgbà yẹn ni kásẹ́ẹ̀tì ìyá mi dé. Ẹ̀yin ò mọ kásẹ́ẹ̀tì. Nígbà tiwa, ará ilé tí kò lè kọ lẹ́tà á gba ohùn rẹ̀ sínú rẹ̀, á fi rán awakọ̀. Ìyá mi kí mi, ó kí gbogbo àwa tí a wà lókèèrè, ó wá ní, "Ràsákì, gbogbo ẹgbẹ́ rẹ tó wà ní Kutonú àti Abidjan ló ti kan òrùlé. Àbúrò rẹ Múfú ti kan tirẹ̀. Tìẹ nìkan ni òjò ń wọ̀. Tí o bá dé níléyá, ilé ta lo máa wọ̀?" Mo gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà bí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí Treichville àti Abobo lè má mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń dun ọmọ Ìgbòho tó. Iléyá ni gbogbo wa máa ń padà sílé, níbẹ̀ sì ni wọ́n ti ń mọ ẹni tí ìrìn àjò rẹ̀ yọrí sí rere. Èèyàn lè fi ebi sùn ní Abidjan lọ́dún mẹ́wàá, kò sí ẹni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n ilé tí kò lórùlé, ojú pópó ló wà.

Mo fi owó igi ra páánù.

Mo sọ fún Síákà pé mo máa dá a padà láàárín oṣù kan, kí òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ wa máa wà á lọ díẹ̀díẹ̀ ná. Kò bá mi jà. Òun ló gbé àpò mi dé ibi tí mo ti wọ ọkọ̀. Bí a ṣe ń dúró de ọkọ̀ ló sọ ọ́. Ó ní, "Ràsákì, ẹ̀rù kòtò yẹn ń bà mí. Ògiri ọwọ́ òsì ti ń sun omi. Jẹ́ kí a fi í sílẹ̀ títí wàá fi dé."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ọ̀gá ẹ̀rù. Tí a bá fi í sílẹ̀, ẹlòmíràn á gbẹ́ ẹ láti ẹ̀gbẹ́ wọlé, á gba òkúta wa. Ẹ máa wà á. Tí mo bá ti Iléyá dé, màá ra igi."

Ó ní, "Ó dáa." Mo wọ ọkọ̀.

Lọ́dún yẹn, Iléyá bọ́ sí ìgbà òjò. Òrùlé mi ń dán, àwọn èèyàn ń dúró lójú ọ̀nà láti wò ó, ìyá mi wọ aṣọ mẹ́ta lọ́jọ́ kan. Lọ́jọ́ kejì ọdún, nígbà tí àwọn àlejò ń jẹ ẹran lábẹ́ páánù náà, ògiri ọwọ́ òsì wó lu Síákà. Mi ò mọ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án ni ìròyìn ikú rẹ̀ dé bá mi. Nígbà tí mo fi padà, wọ́n ti gbé e jáde, wọ́n ti sin ín, wọ́n ti fi ẹ̀gún di kòtò.

Bàbá Làmíìnì dúró létí ibẹ̀ pẹ̀lú àwọn àgbà abúlé. Ó bi mí pé, "Igi dà?" Ìbéèrè kan ṣoṣo nìyẹn. Èmi tí mo ti ń kú lọ láti ojú ọ̀nà, mo la ẹnu, mo ní, "Mo ní kó dúró dè mí, bàbá. Ẹ̀yin náà mọ Síákà, kò mọ ẹ̀rù. Kò lè dúró." Bàbá Làmíìnì wò mí. Òun ló tọ́ Síákà dàgbà, ó mọ̀ pé òkúta méjì-méjì ni ọmọ yẹn ń jù sí kòtò kó tó wọ̀ ọ́. Ó yọ pákò lẹ́nu, ó yíjú, ó lọ sílé. Títí tó fi kú, kò bá mi sọ̀rọ̀ iṣẹ́ mọ́.

Irọ́ ọjọ́ yẹn ò tóbi lẹ́nu mi. Ẹ̀rù ló ń bà mí, ojú ló ń tì mí, mo rò pé mo máa tún un ṣe tó bá yá. Ẹ tún máa gbọ́ ibi tó dé.

Apá owó tí mo ní màá sáré kọjá náà rèé. Lẹ́yìn ọdún méjì, mo fọ òkìtì ọ̀gán kan ní ibòmíràn, mo bá òkúta tó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ra igi kí n tó ra díígà. Ó yọrí sí rere, mo ra ẹ̀rọ, mo ń fi í yá àwọn ẹlòmíràn, mo gba ìwé àṣẹ nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fúnni, mo ra ilẹ̀ ní Riviera nígbà tí igbó ṣì pọ̀ níbẹ̀. Ó tán.

Irinṣẹ́ ló yí padà jù. Igbá, díígà àti ṣọ́bìrì la bá nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mẹ́kúrì dé, omi fàdákà kan tí ó máa ń gbá wúrà mọ́ra nínú yanrìn. Èèyàn á wá yan án lórí iná kí ó lè gbẹ kúrò. Inú ìkòkò ọbẹ̀ la ti ń yan án, à ń fa èéfín rẹ̀ símú, à ń bú àwọn tó ṣì ń mi igbá pé wọn ò lajú. Dókítà ti sọ fún mi pé kì í ṣe ogbó nìkan ló ń mú ọwọ́ mi gbọ̀n báyìí. Lẹ́yìn mẹ́kúrì ni ẹ̀rọ tó ń lọ òkúta dé, ariwo rẹ̀ ló gba agbára etí mi. Nísinsìnyí, ẹ̀rọ kan wà tí ọmọkùnrin á gbé lọ́wọ́, tó ń dún tí wúrà bá wà nílẹ̀. Ọjọ́ kan ni wọ́n fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yẹn ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni bóyá ògiri máa dúró. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kú lọ́dọọdún, ẹ sì ń gbọ́ ọ lórí rédíò.

Màríámù ti padà sí Abobo Gare pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, ó gba ìsọ̀ bàbá rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbé owó àti obì lọ bá a, ó ní, "Bùrọ̀dá Ràsákì, ẹ gbé e padà." Mo rò pé ọ̀fọ̀ ló ń ṣe é. Mo tún lọ lọ́dún kejì. Ó gbé omi fún mi, ó bi mí léèrè àwọn ará ilé mi, ó ní kí n gbé e padà. Mo ní kí n máa san owó ilé ìwé Áwà, ó ní rárá. Mo gbẹ́ kànga fún gbogbo àdúgbò wọn, gbogbo èèyàn ń pọn ọ́n, Màríámù ń lọ ra omi lójúlé kẹrin. Àwọn èèyàn ń kí mi ní mọ́sálásí pé mo lawọ́. Èmi ń ronú pé obìnrin kan wà ní Abobo tí ò gba ife omi lọ́wọ́ mi. Ó ń dùn mí. Mi ò sì lè bi í pé kí ló dé, torí mò ń bẹ̀rù ohun tó máa sọ.

Nígbà tí mo kọ́ ilé ẹ̀kọ́ ti Bingerville, orúkọ Síákà ni mo fi sọ ọ́. Mo rò pé mo ti ṣe é tán nìyẹn. Wọ́n gbẹ́ ẹ sára òkúta lédè Faransé, wọ́n gbé e sí ẹnu ọ̀nà: Síákà, ọkùnrin tí kò mọ ẹ̀rù. Lọ́jọ́ ìṣílé, Màríámù ò wá. Áwà wá, ó mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin dání, Ìbúráhímà. Èmi fúnra mi ni mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tí mo sọ bí Síákà ṣe máa ń bẹ́ sínú kòtò láìwẹ̀yìn. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Omi ń bọ́ lójú mi, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́.

Ìbúráhímà ti dọmọ ogún ọdún ó lé díẹ̀ báyìí. Ilé ẹ̀kọ́ yẹn náà ló lọ, ó kọ́ iṣẹ́ iná, kò tíì ríṣẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé kan lẹ́yìn Ààwẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn ìrun Àsárì, wọ́n ní àlejò wà ní ẹnu géètì. Màríámù ni, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀. Wòrò-wòrò, takisí àjọwọ̀, ló gbé wọn wá. Láti bí mo ṣe ń gbé Riviera, kò wá rí. Mo ní kí wọ́n gbé ohun mímu wá, ó ní kí wọ́n má gbé e. Ó jókòó sétí àga.

Ó ní, "Bùrọ̀dá Ràsákì, láti ọjọ́ yẹn, mi ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá Áwà."

Ó ní, "Lónìí mo wá gba ẹyọ kan. Ọmọ yìí ti di ẹrù rẹ̀. Ó fẹ́ lọ wa wúrà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti lọ, wọ́n fi fótò ránṣẹ́ sí i. Ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, kò gbọ́. Èmi sọ̀rọ̀, ẹ bi í léèrè èsì tó fún mi."

Ọmọ náà, tó ń pe ìyá àgbà rẹ̀ ní Mamie, wo ilẹ̀. Ó ní, "Baba, Mamie ń ṣàníyàn lásán. Y'a pas drap, kò séwu. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa gbéra. Bàbá ìyá mi ò bẹ̀rù, c'est écrit, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ ní Bingerville. Ojoojúmọ́ ni mo kà á nígbà tí mò ń kọ́ iṣẹ́ níbẹ̀. Moi aussi, èmi náà ò lè máa jókòó sílé."

Màríámù ò wo ọmọ náà. Èmi ló ń wò. Ó ní, "Ẹ sọ fún un."

Ìgbà yẹn ló yé mi pé ó ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní. Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo máa gbé ọwọ́ mi sí. Mo lè sọ pé ọmọ, má da ìyá àgbà rẹ láàmú, iṣẹ́ náà ò dára, kí n fún un níṣẹ́, kí ọ̀rọ̀ tán. Mo rò ó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn lobìnrin yìí wá gbà.

Mo sọ ọ́. Mo sọ ti kásẹ́ẹ̀tì, mo sọ ti páánù, mo sọ ti ògiri tó ń sun omi. Mo sọ ọ̀rọ̀ tí Síákà sọ nígbà tí à ń dúró de ọkọ̀ àti èsì tí mo fún un. Mo sọ irọ́ tí mo pa lójú Bàbá Làmíìnì.

Ìbúráhímà ní, "Donc, bàbá àgbà bẹ̀rù?"

"Ó bẹ̀rù."

"Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún un yín?"

"Ó sọ ọ́ fún mi ní gbangba, mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀rù rẹ̀ ló gbọ́n jù nínú gbogbo wa. Èmi ni mo bọ́ ọ kúrò lọ́rùn rẹ̀, tí mo wá kọ òdìkejì rẹ̀ sára òkúta." Mo yíjú sí Màríámù. "Ìyá Áwà, èmi ni mo pa ọkọ rẹ. Mo sì tún parọ́ mọ́ ọn lẹ́yìn tó kú tán. Mo bẹ̀ ọ́."

Ó fi etí gèlè nu ojú. Ó ní, "Ẹ má dá a gbé. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó jókòó lórí ibùsùn, kò fẹ́ dìde. Ó ní, 'Màríámù, ẹ̀rù ń bà mí.' Mo ní, 'Ẹ lọ jàre. Bùrọ̀dá Ràsákì mọ ohun tó ń sọ.' Ẹnu mi ni mo fi lé e jáde. Ìdí tí mi ò fi lè gba owó yín nìyẹn. Bí mo bá gbà á, á dà bíi pé ẹ ń sanwó iṣẹ́ tí èmi náà bá yín ṣe."

Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ọdún tó lé ní ogójì ni mo fi rò pé èmi nìkan ni mo ru ẹrù yẹn, òun náà sì ń ru tirẹ̀ ní Abobo, láàárín bàsíà àti korobá.

Ìbúráhímà ti bọ́ fìlà rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ yí i. Ó ní, "Mamie." Ohùn rẹ̀ ti kéré. "Èmi náà ń bẹ̀rù. Láti ìgbà tí mo ti sọ pé màá lọ ni mi ò ti lè jẹun. Mi ò rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún. Gbogbo èèyàn ń sọ pé ọmọ-ọmọ Síákà ni mí."

Màríámù wò mí, èmi náà wò ó. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Síákà sọ fún àwa méjèèjì, a sì ní kó máa lọ. Mo la ẹnu, ṣùgbọ́n ìyá àgbà rẹ̀ ti ṣáájú mi.

"Má lọ," ló wí.

Èmi náà ní, "Má lọ, ọmọ mi."